Okùn Ìwọ̀n Lẹ́bàá Omi



Nínú orí kẹtàdínláàádọ́ta ìwé wòlíì Esekíẹ́lì ni a ti kà nípa ọkùnrin tí ó mú okùn ìwọ̀n lọ́wọ́, tí ó sì tọ ipa omi tí ń ṣàn jáde láti tẹ́ḿpìlì. Ó wọ̀n ọ́n, omi dé kókósẹ̀. Ó tún wọ̀n ọ́n, ó dé eékún. Ó tún wọ̀n ọ́n, ó dé ìbàdí. Nígbà kẹrin, ó ti di odò tí ẹsẹ̀ kò lè là kọjá. Nígbà tí àwa bá ń wàásù lórí ibí yìí, kíákíá ni a máa ń sáré dé ibi ìwòsàn omi náà. Ṣùgbọ́n ìgbà mẹ́rin ni a wọn omi kí a tó sọ̀rọ̀ ìwòsàn fún wòlíì.

Àwa ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaikò kò ṣe àlejò omi. Ní ọdún 1984 ni koríko kan tí ń léfòó, tí òdòdó rẹ̀ rí bí àlùkò, gba ọ̀nà omi Àjàṣẹ́ wọ odò Àgbádárìgì. Kì í ṣe òjú oró tí àwọn baba wa mọ̀. Ó dí ọ̀nà ọkọ̀, ó sì ba àwọ̀n jẹ́. Ẹni tí ó bá wo ọ̀sà Èkó ní ìgbà òjò, nígbà tí omi òjò ti mú iyọ̀ fúyẹ́ tí koríko náà sì gbilẹ̀, yóò wí pé omi ti parí. Ẹni tí ó bá wò ó ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi òkun ti wọlé tí iyọ̀ sì ti pa á, yóò wí pé Ọlọ́run ti mú ìyọnu kúrò. Àwọn méjèèjì sọ ohun tí wọ́n rí; kò sí ẹni tí ó mọ omi náà nínú wọn.

Nítorí náà ni àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní ọdún 1983, ṣe ń wọn iyọ̀ inú ọ̀sà Ológe àti odò Àgbádárìgì, tí wọ́n ń ka irú ẹja ibẹ̀, tí wọ́n sì ń yẹ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ wò fún ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1971, ní ìlú Ramsar ní Ìránì, ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn lórí ìtọ́jú àbàtà. Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní ọdún 2001. Ó dùn mọ́ wa pé ọjọ́ kan náà ni Ìjọ ń rántí bí a ti gbé Jésù wá sí tẹ́ḿpìlì. Síméónì àti Ánnà, tí wọ́n ti ń ṣọ́nà láti ọjọ́ pípẹ́, ni ó dá Ọmọ náà mọ̀.

Àwọn kan ń fi ìtara wí pé kí a gbin igi ẹ̀gbà padà sí àbàtà wa. Ìtara náà dára. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ púpọ̀ ni a ti gbìn ín sí ibi tí omi bò ó pẹ́ jù, ó sì kú. Ẹ̀gbà ń fẹ́ kí omi wá, kí omi sì lọ. Ẹni tí kò mọ bí omi ti ń kún tí ó sì ń fà láti ẹ̀ẹ̀rùn dé òjò, kò mọ ibi tí yóò gbìn ín sí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: àwa náà ń ra àbàtà, a ń da iyanrìn sí i, a ń kọ́lé lé e, a sì ń ṣe ìdúpẹ́ ilé tuntun. Nígbà tí omi òjò tí àbàtà ìbá gbà bá wọ yàrá aládùúgbò wa, a ó pè é ní àmúwá Ọlọ́run.

Ẹ̀yin àgbà apẹja, ẹ̀yin ni ẹ mọ bí omi ti rí kí ọdún 1984 tó dé. Ẹ pe àwọn ọmọ yín tí ó mọ̀wé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú ìjọ kọ̀ọ̀kan tí ó wà létí omi, kí ẹnì kan ri ọ̀pá tí a fín sínú ẹrẹ̀, kí ó máa ka ibi tí omi dé ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi kí ó tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ó kọ aago pẹ̀lú, nítorí omi kì í dúró dè wá. Bí ọdún bá yípo, kí ó tún bẹ̀rẹ̀, kí àwọn tí yóò wá tún àbàtà ṣe lè bá ìwé náà lọ́wọ́ yín.