Owó Tó Ti Wà Nílẹ̀

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá gba òwe yìí gbọ́ kò ní í jẹ́ kí owó alágbàṣe sùn mọ́ òun lọ́wọ́. Àwọn Júù ní orúkọ kan fún irú owó tí alágbàṣe ń retí: mezumen.

Inú èdè Yiddish ni orúkọ náà wà, èdè àwọn Júù ìlà-oòrùn Yúróòpù, tó fi Jámánì ṣe ìpìlẹ̀, tí wọ́n sì ń fi lẹ́tà Hébérù kọ. Gelt ni wọ́n ń pe owó lápapọ̀, èyí bá ti Jámánì mu. Hébérù ni mezumen ní tirẹ̀ ti wá, ohun tí a ti pèsè sílẹ̀ ló sì túmọ̀ sí. Owó tí a kà síni lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe ìlérí. Òun àti zman, ìyẹn àkókò, gbòǹgbò kan náà ni wọ́n. Bí Júù mẹ́ta bá jọ jẹun tán, tí ọ̀kan pe àwọn yòókù láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, inú gbòǹgbò yìí ni orúkọ ìpè náà ti wá pẹ̀lú.

Láàárín 1881 sí 1924, Júù tó lé ní mílíọ̀nù méjì ṣí lọ sí Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ wọn fìdí kalẹ̀ sí Lower East Side ní New York, níbi tí àwọn kan ti ń ránṣọ, tí àwọn mìíràn sì ń fi ọmọlanke tajà ní òpópónà Hester. Ọ̀rọ̀ wọn, mezumen, wọ ìgboro, ó di mazuma, owó èyíkéyìí sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Òfin Mósè ló kọ́ni bí a ṣe ń san owó alágbàṣe. Léfítíkù 19:13 kọ̀ kí owó alágbàṣe di òwúrọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá. Deutarónómì 24:15 ní kí oòrùn má wọ̀ bá a, nítorí tálákà ni alágbàṣe náà, ọkàn rẹ̀ sì wà lára owó náà. Àwọn olùkọ́ Tálímúdì, ìwé àlàyé òfin àwọn Júù, ṣàlàyé pé ẹni tó ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án gbọ́dọ̀ gba tirẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, ẹni tó ṣiṣẹ́ lóru, kílẹ̀ tó ṣú.

Nítorí náà, kí a ya owó sọ́tọ̀ kí a tó pe òṣìṣẹ́. Kí a má dúró dìgbà tó bá bẹ̀bẹ̀. “Padà wá lọ́la” kò ra oúnjẹ alẹ́ fún ọmọ ẹnikẹ́ni.