Àlejò Ọlọ́sẹ̀ Méjì Nínú Iṣẹ́ Ìhìnrere

Ìrìn-àjò ìhìnrere ọlọ́jọ́ díẹ̀ ni èyí tí àwọn ọmọ ìjọ kan máa ń rìn lọ sí òkèèrè láti wàásù, láti tọ́jú aláìsàn, láti kọ́lé tàbí láti kọ́ ọmọdé ní Bíbélì, tí wọ́n á sì padà sílé láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí oṣù díẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe míṣọ́nnárì. Nọ́ọ̀sì, olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, oníṣòwò àti ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Wọ́n gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ìjọ bá wọn dá owó ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n sì di oògùn àti Bíbélì sínú àpótí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àṣà yìí gbilẹ̀. Ní 1957, George Verwer àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo wọn, wa ọkọ̀ láti Amẹ́ríkà lọ sí Mẹ́síkò láti pín ìwé ìhìnrere. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Operation Mobilisation ti ṣẹ̀. Loren Cunningham dá Youth With A Mission sílẹ̀ ní 1960. Nígbà tí àádọ́ta ọdún yóò fi pé, àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan tó ń rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan ti lé ní mílíọ̀nù kan, gẹ́gẹ́ bí Robert Wuthnow, onímọ̀ nípa àwùjọ, ti fojú bù ú.

Iye èrò àti iye owó kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó le níbẹ̀. Ohun tó le ni pé ẹ̀sìn Kristi fúnra rẹ̀ dá lórí Ọlọ́run tó di ènìyàn, tó sì wá bá ènìyàn gbé. Jésù ti tó ẹni bí ọgbọ̀n ọdún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìwàásù rẹ̀. Násárétì ló ti dàgbà, àwọn ará ibẹ̀ mọ ìyá rẹ̀, wọ́n mọ àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ǹjẹ́ ó tọ́, nígbà náà, kí ẹni tí kò ní bá ìlú gbé máa gbé irú ìhìn bẹ́ẹ̀ wá bá a?

Ìwé Mímọ́ kò ka ọjọ́ fún òjíṣẹ́. Nínú Ìhìnrere Lúùkù, Jésù rán àádọ́rin ọmọ ẹ̀yìn jáde ní méjì méjì, wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n sì jíṣẹ́. Pọ́ọ̀lù lo ọdún mẹ́ta ní Éfésù, ọdún kan àtààbọ̀ ní Kọ́ríńtì. Ṣùgbọ́n ní Tẹsalóníkà, ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta péré ni Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì sọ pé ó fi bá wọn fọ̀rọ̀ wérọ̀ nínú sínágọ́gù kí ìlú tó dàrú. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń ka ìtàn náà ti sábà máa ń tẹ̀lé Pọ́ọ̀lù jáde nílùú, tí á sì gbàgbé Jásónì. Jásónì ló gba àwọn òjíṣẹ́ náà sílé. Nígbà tí àwọn jàǹdùkú kò rí àlejò mú, onílé ni wọ́n wọ́ lọ síwájú àwọn alákòóso, òun ló sì san owó ìdúró kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Yorùbá ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìrìn-àjò kúkúrú bófin ìgbàgbọ́ mu, ẹni tó yẹ ká bi ni Jásónì: ṣé òun ló pe àlejò yìí, ṣé agbára òun sì gbé ohun tí àlejò náà yóò fi sílẹ̀?

Ní ilẹ̀ Yorùbá, etíkun Àgbádárìgì ni a ti rí ìdáhùn àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1842, Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ síbẹ̀ láti Cape Coast. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni. Ọmọ adúláwọ̀ ni bàbá rẹ̀, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì bí i sí. William de Graft, ọmọ Cape Coast, bá a wá. Abẹ́ igi Agíyà, ní ìlú tí òwò ẹrú kò tíì kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, ni wọ́n ní wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù. Igi náà wó ní 1959. Ohun ìrántí ló dúró síbẹ̀ báyìí, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ a sì máa ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú oṣù Kejìlá, Freeman gòkè lọ sí Abẹ́òkúta. Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá, gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò lò ju nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lọ níbẹ̀. Nígbà tó padà dé Àgbádárìgì, ó bá Henry Townsend, ará Ìjọ Áńgílíkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Freetown dé, wọ́n sì jọ ṣe Kérésìmesì. Townsend náà lọ wo Abẹ́òkúta ní oṣù Kìíní 1843, ó sì padà. Freeman ní tirẹ̀ gba Ouidah lọ rí Gezo ọba Dàhòmì, lẹ́yìn náà ó wọkọ̀ padà sí Cape Coast.

Bí a bá fi ojú òní wò ó, ìrìn-àjò kúkúrú ni méjèèjì. Ìwé ìtàn kò jẹ́ ká gbàgbé orúkọ Freeman àti Townsend, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde nínú ìtàn ni James Fergusson. Sàró ni, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n wá di onígbàgbọ́ ní Freetown. Láti nǹkan bí 1839 ni irú wọn ti ń gba Àgbádárìgì padà wá sílé. Ní oṣù Kẹta 1841, Fergusson kọ lẹ́tà sí àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Freetown pé kí wọ́n rán òjíṣẹ́ wá. Nítorí náà, kí Freeman tó fẹsẹ̀ tẹ iyanrìn, ìpè ti wà nílẹ̀, àwọn tó pè é sì ní ilé, ìyàwó, ọmọ àti ọjà níbẹ̀. Nígbà tó lọ, de Graft dúró sí Àgbádárìgì pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́. Townsend padà wá ní oṣù Kìíní 1845 pẹ̀lú Samuel Àjàyí Crowther àti Charles Gollmer. Ṣódẹkẹ́ ti kú, ogun ti dí ọ̀nà, oṣù méjìdínlógún ni wọ́n sì fi há sí Àgbádárìgì. Ọjọ́ 3, oṣù Kẹjọ, ọdún 1846 ni Townsend àti Crowther tó wọ Abẹ́òkúta. Láàrin ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ yẹn, àwọn Sàró tó wà nílùú ni onígbàgbọ́ tí Abẹ́òkúta ń rí lójoojúmọ́, ní ọjà àti nílé.

Crowther mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ ohun tí ìbẹ̀wò lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Ó wà nínú ọkọ̀ tó wọ odò Ọya ní 1841. Òyìnbó 145 ló lọ. Ibà mú nǹkan bí 130, nǹkan bí 40 sì kú. Láàrin oṣù díẹ̀, ìrìn-àjò olówó ńlá náà ti di àbọ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́ ni pé ọmọ ilẹ̀ gan-an ni kí wọ́n kọ́ fún iṣẹ́ náà. Wọ́n fi Crowther joyè àlùfáà ní 1843. Ní Abẹ́òkúta, kò tíì pé oṣù kan tó débẹ̀ tó fi rí Àfàlá ìyá rẹ̀, tí ogun ti yà wọ́n ní nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ní 1848 ìyá náà ṣèrìbọmi. Kò sí àlejò ọlọ́sẹ̀ méjì tó lè ní irú ìbátan bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìlú.

Ti àwọn Kátólíìkì kò yàtọ̀. Ní 1863, Francesco Borghero, àlùfáà ará Ítálì tó ń ṣiṣẹ́ ní Ouidah, wá bẹ Èkó wò. Ó bá ìjọ nílẹ̀: àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì dé, tí ẹni kan tó ti jẹ́ ẹrú rí, Padre Antonio, ń kó jọ fún àdúrà. Bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní Padre, kì í ṣe àlùfáà. Ó di 1868 kí àlùfáà tó wá fìdí kalẹ̀ sí Èkó, àdúrà kò sì dúró dè é. Ní 1876, ẹgbẹ́ àlùfáà tí Borghero wà nínú rẹ̀ gba ilẹ̀ ní Tọ́pò, lórí iyanrìn tó wà láàrin òkun àti ọ̀sà lápá Àgbádárìgì, wọ́n dá oko síbẹ̀, wọ́n sì jókòó tì í.

Lónìí, òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì gba ẹ̀gbẹ́ Ọ̀tọ̀ kọjá, ìlú Àwórì létí ọ̀sà. Ní àdúgbò bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí àwọn àlejò bá ń ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́, tàwọn ará òkèèrè ni o, tàwọn ìjọ ńlá inú Èkó ni o, kò ṣòro láti dá mọ̀. Wọ́n á ta kánópì, wọ́n á to àga oníke, àwọn àlejò á wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ kan náà, àwọn ìyá àgbà á sì ti tò kí oòrùn tó yọ. Nọ́ọ̀sì á wọn ìfúnpá ìyá kan, á kọ nọ́ńbà sórí káàdì, á fún un ní oògùn ọ̀sẹ̀ méjì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ méjì. Ojoojúmọ́ ni, títí ayé. Nígbà tí oògùn bá tán, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ni ìyá yẹn yóò mú káàdì lọ, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ á sì máa wo nọ́ńbà tí kò bá wọn kọ, oògùn tó wá láti òkèèrè tí kò sí nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀.

Pásítọ̀ tó gbà wọ́n lálejò náà ní ìṣirò tirẹ̀. Òun ló wá yàrá, òun ló ra epo jẹnẹrétọ̀ àti omi inú ike, àwọn obìnrin ìjọ ló se ìrẹsì. Òun tún ni ògbufọ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ìwàásù tí ìlú gbọ́, tirẹ̀ ni: àlejò mú gbólóhùn kan wá, ògbufọ̀ ló mọ èyí tí yóò rọ̀ àti èyí tí yóò fò. Ẹni tó bá ti jókòó síbi tí wọ́n ti ń tú Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, tí ẹlòmíràn tún ń tú u sí Ègùn, á mọ̀ pé kò sí àsọdùn níbẹ̀. Síbẹ̀, fọ́tò tó bá padà sí òkèèrè, àlejò ló máa ń wà láàrin rẹ̀. Ìwàásù Orí Òkè kìlọ̀ fún ẹni tó ń fun kàkàkí níwájú oore rẹ̀. Fóònù ni kàkàkí ayé ìsinsìnyí.

Àwọn tó ń gbèjà àṣà yìí máa ń ní èrè rẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó lọ: ó á rí ayé, ọkàn rẹ̀ á rọ̀, á túbọ̀ máa gbàdúrà, á túbọ̀ máa fi owó sílẹ̀. Kurt Ver Beek, onímọ̀ nípa àwùjọ, wádìí èyí lẹ́yìn ìjì Mitch tó ba Honduras jẹ́ ní 1998. Ó bi àwọn tó ti Àríwá Amẹ́ríkà wá kọ́lé níbẹ̀ léèrè, ó bi àwọn tó gba ilé náà pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ tó bá ìgbésí ayé àwọn àlejò kò tó nǹkan, àwọn tó gba ilé lọ́wọ́ àlejò kò sì sàn ju àwọn tí ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ ìbílẹ̀ kọ́lé fún lọ. Bó bá tilẹ̀ rí bí wọ́n ti wí, ẹ̀sùn mìíràn ṣì wà nílẹ̀: kò dára kí a sọ òṣì ẹlòmíràn di kíláàsì tí a ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìwà. Ivan Illich, àlùfáà Kátólíìkì tó ń gbé ní Mẹ́síkò, ti sọ èyí ní oṣù Kẹrin 1968 lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà gan-an: kí wọ́n wá wòran, kí wọ́n wá kẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n má wá ṣèrànwọ́. Ọ̀rọ̀ náà le jù. Àlejò ni Illich alára, Vienna ni wọ́n bí i sí, ó kàn jẹ́ pé ó dúró ní Mẹ́síkò ni.

Pé ó le jù hàn ní Cotonou, tí kò jìnnà sí Àgbádárìgì. Ọkọ̀ ìwòsàn Africa Mercy, ti ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ Mercy Ships, gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 2009, ó sì tún wá ní 2016. Oníṣẹ́ abẹ kan lè lo ọ̀sẹ̀ méjì péré nínú rẹ̀ kí ó padà sílé, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà á dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, fáìlì aláìsàn wà nílẹ̀, oníṣẹ́ abẹ tó tẹ̀lé e á gba iṣẹ́ níbi tó dé, wọ́n sì ń kọ́ àwọn dókítà ìlú náà níṣẹ́.

Ọmọ Nàìjíríà náà ti di aránṣẹ́. Zaria ni ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CAPRO ti bẹ̀rẹ̀ ní 1975, àwọn kópà onígbàgbọ́ sì máa ń wọ abúlé lọ wàásù títí dòní. Ìjọ Èkó tó bá gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ sí Benin tàbí Togo, òun ni òyìnbó níbẹ̀: òun ló mú owó àti màíkì lọ́wọ́. Ọmọ Ègùn Àgbádárìgì tó wà láàrin wọn, tó gbọ́ èdè Àjàṣẹ́, tó sì ní ìbátan níbẹ̀, wúlò níbẹ̀ ju gbogbo akọrin lọ.

Kí ìjọ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ó wádìí bóyá irú lẹ́tà Fergusson ti dé, àti ta ni yóò máa bá iṣẹ́ lọ ní oṣù tó tẹ̀lé e. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà, kí wọ́n lọ, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó darí wọn. Bí kò bá sí, kí wọ́n jókòó sílé, kí wọ́n fi owó ọkọ̀ òfuurufú náà ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọdún kan fún ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé.