Ọ̀nà Tí A Dí Mọ́ Ẹja



Nígbà tí Ẹlẹ́dàá súre fún àwọn ẹja, ó fún wọn ní omi, ó sì la ọ̀nà fún wọn nínú omi náà. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀ràn odò Elwha yẹ̀ wò, ní ìpínlẹ̀ Washington ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Sámọ́nì ni ẹja abínibí odò náà. Òkè odò ni a gbé bí i. Òkun ni ó ń lọ láti dàgbà. Bí àkókò rẹ̀ bá sì tó, a tún gòkè odò padà láti yé ẹyin sáàárín òkúta wẹ́wẹ́. Láti ìran dé ìran ni àwọn Klallam, onílẹ̀ ibẹ̀, ti ń jẹ ẹja yìí.

Ní ọdún 1913, a parí ìsédò kan ní ibi tí ó tó ibùsọ̀ 5 sí òkun, láti fi agbára omi ṣe iná mànàmáná. Ní 1927 a parí èkejì lókè rẹ̀. Àwa kò bú iná náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ ògiri wọ̀nyí kò ṣe ọ̀nà tí ẹja lè gbà gòkè, bí òfin ìpínlẹ̀ tilẹ̀ pa á láṣẹ. Ibùsọ̀ tí ó ju 70 lọ bọ́ mọ́ ẹja lọ́wọ́. Ògiri náà dá òkúta wẹ́wẹ́ dúró pẹ̀lú, tó bẹ́ẹ̀ tí ibi tí ẹyin lè fara pamọ́ sí ní ìsàlẹ̀ odò fi dínkù. Ẹja sì dínkù gidigidi.

Ẹ kíyè sí i: a kò da májèlé sínú odò náà. Ọ̀nà ni a dí, ó sì tó láti pa á run.

Ṣùgbọ́n àyè ìrònúpìwàdà ń bẹ. Ní 1992 ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin láti tún odò náà ṣe. Láàárín 2011 sí 2014 a wó ìsédò méjèèjì, sámọ́nì sì tún gòkè kọjá ibẹ̀. Ní 2023 àwọn Klallam tún pẹja nínú odò wọn. Síbẹ̀ ẹja kò tíì pọ̀ bíi ti àtijọ́, nítorí ìbàjẹ́ ọgọ́rùn-ún ọdún kì í tán ní ọjọ́ kan.

Ǹjẹ́, ará, ta ni ó wà lẹ́yìn ògiri tí àwa mọ? Bí a bá ń kọ́ ohun tí yóò tànmọ́lẹ̀ fún wa, kí a kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Bí a bá sì ti dí i, kí Olúwa fún wa ní ọkàn láti wó o. Àmín.