Nípa Yíyan Ibi Tí Ó Kéré Jù



Àríyànjiyàn kan wà tí í máa jí láàrin wa ní Òkè-Ògùn nígbàkúùgbà tí ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn kan a máa wí pé, "Ẹni tí ọkàn mi jẹ́rìí sí pé olóòótọ́ ni, òun ni èmi yóò dìbò fún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè wọlé." Àwọn mìíràn a dáhùn pé, "Ẹni méjì péré ni ọ̀rọ̀ náà kù sí láàrin wọn. Ẹ jẹ́ kí a mú èyí tí ibi rẹ̀ kéré jù." Wọn a sì fi òwe gbè é pé, bí a kò bá rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ìbátan ni àdán àti òòbẹ̀, òru ni àwọn méjèèjì sì ń fò. Kò sí ẹni tí ó pa á lówe pé bí a kò bá rí àdán, kí a fi paramọ́lẹ̀ rọ́pò. Rere tí kò tó bí a ti ń fẹ́ jẹ́ ohun kan, ibi tí ó kéré jẹ́ ohun mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣojú wa. Nínú ìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọdún 2015, Abíọ́lá Ajímọ̀bi gba ìbò 327,310. Ráṣídì Ládọjà, ẹni tí ó gorí ìtẹ́ Olúbàdàn ní 2025, gba 254,520. Àlàó-Akálà, Fọlárìn, Mákindé àti àwọn mìíràn sì pín ìyókù. Èmi kò wí pé ẹni tí ó wọlé ni ó burú jù, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó bá a yọ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé ìbò àwọn tí kò yàn án pọ̀ ju ìbò tirẹ̀ lọ, òfin wa kò sì bèèrè èyíinì. Ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù, tí ó sì rí ìdá kan nínú mẹ́rin nínú ìjọba ìbílẹ̀ 22 ó kéré tán, nínú 33 tí a ní, òun ni gómìnà. Nígbà tí ó di 2019, àwọn ẹgbẹ́ mélòó kan gbé olùdíje tiwọn tì, wọ́n sì rọ̀ mọ́ Ṣèyí Mákindé. Ó gba 515,621, Adébáyọ̀ Adélabú sì gba 357,982.

Àwọn ará Ṣakí kò ní láti rìn jìnnà kí wọ́n tó rí ibi tí a gbé ń ṣe é lọ́nà mìíràn. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, èyí tí àwọn baba wa mọ̀ sí Dàhòmì, bí ẹnikẹ́ni kò bá gba ju ìlàjì ìbò lọ, àwọn méjì tí ó ṣíwájú yóò tún padà díje. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ènìyàn 33 ni ó dupò ààrẹ níbẹ̀. Lionel Zinsou ni ó ṣíwájú, Patrice Talon ṣìkejì. Nígbà tí wọ́n tún un dì, ìbò àwọn tí ẹni tiwọn ti ṣubú ya sọ́dọ̀ Talon, ó sì gba nǹkan bí 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Ará Kétu lè fi ọkàn rẹ̀ dìbò lẹ́ẹ̀kíní, kí ó sì fi ọgbọ́n dì í lẹ́ẹ̀kejì. Ní ti àwa, ẹ̀ẹ̀kan náà ni a ó fi ṣe méjèèjì. Nítorí náà, èrò mi ni pé a kò lè mọ ohun tí ó tọ́ fún olùdìbò bí a kò bá kọ́kọ́ wádìí bí a ó ti ka ìbò náà. Níbi tí kíkà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, mo gbà pé àwọn tí wọ́n mú èyí tí ibi rẹ̀ kéré kò ṣẹ̀.

Ẹnìkan yóò bi mí pé, Pọ́ọ̀lù kò ha kọ̀ fún wa láti ṣe ibi nítorí àtirí rere? Ó kọ̀ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dìbò láti fa ọwọ́ olè ńlá sẹ́yìn kò bá olè kékeré jalè. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ gbé ń wọlé ni ẹ̀yìn ìbò, nígbà tí ẹni tí ó ti wí pé ibi kékeré ni lánàá bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní rere, tí ó sì ń bínú sí ẹni tí ó bá fi ìka tọ́ olè náà. Àrùn yìí wọ́pọ̀ láàrin wa, ó sì ń mú kí ibi kékeré máa tóbi sí i láti ìbò dé ìbò. Bí olùdíje kan bá sì ń ṣèlérí láti ni ẹ̀yà tàbí ìsìn kan lára, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo gbọ́dọ̀ fi kàn án pé ohun gbogbo tí a ń pè ní ìlànà kọ́ ni ìlànà. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ni Òkè-Ògùn ní. Láti 1979 tí a ti kọ́kọ́ dìbò yan gómìnà ní ìpínlẹ̀ yìí títí dé ìbò 2023, a kò tíì yan ọmọ Òkè-Ògùn kan. Ẹ̀dùn náà tọ́, ó sì ń dun èmi náà. Ṣùgbọ́n "ọmọ wa ni" kò sọ fún wa bí ọwọ́ ọmọ náà ti mọ́ tó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti àwọn tí wọ́n jókòó sílé. Ní ìbò ààrẹ 2023, àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ ju mílíọ̀nù 93 lọ, àwọn tí ó sì jáde wá kò tó mílíọ̀nù 26. Bí gbogbo àwọn ìyókù bá ń wí pé ìlànà ni ó dá wọn dúró, èmi kò lè gbà á gbọ́. Ẹni tí ó sì gba owó ọbẹ̀ lẹ́bàá àpótí ìbò kò bá wa sí nínú àríyànjiyàn yìí rárá.

Èyí tí mo rò pé a ń gbójú fò jù ni ìbò abẹ́lé, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ gbé ń fa olùdíje kalẹ̀. Nígbà tí ìwé ìbò bá fi dé ọwọ́ wa, wọ́n ti lé àdán lọ. Ẹni tí ó bá ń wá olóòótọ́ lè wá a níbẹ̀ láìsí ẹni tí yóò wí fún un pé ìbò rẹ̀ ṣòfò. Ṣùgbọ́n ní wọ́ọ̀dù wa, àwọn tí wọ́n ń lọ síbẹ̀ kì í pọ̀, àwọn tí a sì máa ń rí níbẹ̀ ni àwọn tí a ti san owó mọ́tò wọn.