Ẹ Bi Ọmọ Náà Léèrè Pẹ̀lú



Nínú Ìwé Samuẹli Kìíní, orí kẹta, Eli àlùfáà, ẹni tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, pe Samuẹli ọmọdé, ó sì bi í léèrè ohun tí Ọlọ́run bá a sọ. Ọ̀rọ̀ náà korò, nítorí ìdájọ́ ilé Eli tìkára rẹ̀ ni. Síbẹ̀ Eli gbọ́ ọ títí dé òpin, kò sì pe ọmọ náà ní aláfojúdi.

Ẹ kíyèsí i pẹ̀lú pé nítorí tí Eli kò dá àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́kun ni ìdájọ́ náà ṣe dé. Nítorí náà, láti gbọ́ ti ọmọ kì í ṣe láti fi í sílẹ̀ kí ó máa ṣe bí ó ti wù ú. Ìbáwí ní àyè tirẹ̀. Ìbéèrè sì ní àyè tirẹ̀.

Àṣà wa ni, ní Adó àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká, láti fi ọmọ sí ọ̀dọ̀ ìbátan, kí ó lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí kí ó kọ́ iṣẹ́. A ó dá ọjọ́, a ó di ẹrù. Ẹni tí a ń di ẹrù rẹ̀ ni yóò gbọ́ kẹ́yìn. Bí ó bá wá sílé nígbà Kérésìmesì, tí ó sì ń sunkún pé òun kò fẹ́ padà lọ mọ́, a ó wí pé ọ̀lẹ ni. Ará, ẹ bi í léèrè ná, ní ìkọ̀kọ̀, níbi tí ẹni tí ó ń bẹ̀rù kò sí. Bóyá ebi ni ó ń pa á. Bóyá a ń lù ú ní àlùbami. Bóyá ohun tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ni.

Àwọn baba wa wí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní 1989 àwọn orílẹ̀-èdè ayé fi ohùn ṣọ̀kan pé ọmọ tí ó bá lè ro èrò tirẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ nínú ọ̀ràn tí ó kàn án, kí a sì ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí àti òye rẹ̀. Nàìjíríà fi ọwọ́ sí i ní 1991, ó sì ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 2003. Ìpínlẹ̀ Èkìtì pẹ̀lú ti ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò lè bá ọmọ jókòó lẹ́bàá ààrò. Àwa òbí ni a lè ṣe é.

Kí àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ pẹ̀lú máa pe àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n tó pinnu ohun tí ó jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́.

Kí Olúwa kí ó fún wa ní etí Eli, kí ó sì fún àwọn ọmọ wa ní ìgboyà Samuẹli. Àmín.