Ọ̀rọ̀ Tí A Fi Gba Iṣẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí tí ọkàn wọn ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Wọ́n gbà pé ibòmíràn tí àwọn ń lọ ni ayọ̀ àwọn wà. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Lójú ìwà ọmọlúàbí, ẹni tó gba iṣẹ́ ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ibi tó bá sì ti ń pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ ni ìtẹ́lọ́rùn ti ń bá a. Ìgbésí ayé John Wooden, akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì UCLA, ní ìlú Los Angeles, jẹ́rìí sí èyí.

UCLA kọ́ ló wù ú lọ́dún 1948. Yunifásítì Minnesota ni ọkàn rẹ̀ fà sí, ṣùgbọ́n ìjì yìnyín kò jẹ́ kí wọ́n rí i pè lórí fóònù lásìkò tí wọ́n dá, ló bá gbà fún UCLA. Nígbà tí Minnesota wá pè, ó ní òun ti fún ẹlòmíràn lọ́rọ̀. Gbọ̀ngàn kótópó ló bá ní UCLA, àwọn oníjàkadì ń jà lápá kan bí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń gbáradì, òun fúnra rẹ̀ a sì máa bá wọn nu ilẹ̀. Kò pẹ́ tí Purdue, yunifásítì tó ti jáde, fi pè é wálé. Ó fẹ́ lọ. Àwọn ọ̀gá UCLA rán an létí pé òun gan-an ló takú pé ọdún mẹ́ta ni kí àdéhùn jẹ́. Ó jókòó ti àdéhùn rẹ̀. Ọdún 1964 ló tó gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì lọ́dún 1975, ó ti gba mẹ́wàá.

Kí ló ń ṣe láti 1948 títí di 1964? Ó ń kọ́ni ní ìbọ̀sẹ̀ wíwọ̀. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, á jókòó ti àwọn géńdé, á fi hàn wọ́n bí wọn yóò ṣe fa ìbọ̀sẹ̀ kó má ká jọ, kí ẹsẹ̀ wọn má baà bó. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni tẹ́lẹ̀, ó sì ti pinnu láti 1934 pé àṣeyọrí ni ìfọ̀kànbalẹ̀ ẹni tó mọ̀ pé òun sa gbogbo ipá òun. Iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá gba irú èrò bẹ́ẹ̀, nítorí kò lè wọ pápá lọ gbá a fún wọn. Ara ẹlòmíràn ni èso iṣẹ́ rẹ̀ ti ń yọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti olùkọ́, ti nọ́ọ̀sì, ti ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ télọ̀: bí wọn kò bá rí adùn nínú ìkọ́ni fúnra rẹ̀, wọn kò ní í rí i níbìkan.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dùn mọ́ ọ̀gá tó ń rẹ́ni jẹ nínú. Àtakò gidi ni, nítorí àwọn tí wọ́n jẹ lówó oṣù pọ̀ láàárín wa. Ṣùgbọ́n oko kì í jẹ́ ti bàbá tọmọ kó má ní ààlà. Àdéhùn de ọ̀gá bó ti de ọmọṣẹ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ dà á ti tú ẹnìkejì sílẹ̀. Ìtẹ́lọ́rùn kì í sì í ṣe ìdákẹ́. Lọ́dún 1947, nígbà tí Wooden ń kọ́ni ní bọ́ọ̀lù ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Indiana State, kó tó dé UCLA, wọ́n pe ẹgbẹ́ rẹ̀ sí ìdíje kan tí kò gba aláwọ̀ dúdú láàyè. Ó ní àwọn kò lọ, nítorí Clarence Walker, aláwọ̀ dúdú, wà lára àwọn ọmọ òun. Lọ́dún kejì wọ́n yí òfin padà, Walker sì gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní ife mẹ́wàá ló mú kí a máa yìn ín. Bóyá òun ló jẹ́ kí a gbọ́ orúkọ rẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ife kọ́ ló kọ́ ọ níṣẹ́: bó ṣe kọ́ àwọn tí kò gba ife kankan ní ìbọ̀sẹ̀ wíwọ̀ náà ló ṣe kọ́ àwọn tó gbà á.