Àdúrà ni Ìpìlẹ̀ Iṣẹ́ Olórí Nínú Ìjọ

Ẹ̀kọ́ kíkà: Nehemáyà, orí kìn-ín-ní títí dé orí kẹfà

Ẹ̀yin olùfẹ́ nínú Olúwa wa Jésù Krístì, a kí yín ní orúkọ Ẹni tí ó lọ sórí òkè, tí ó fi gbogbo òru gbàdúrà sí Ọlọ́run, kí ilẹ̀ tó mọ́ tí ó sì yan àwọn àpọ́sítélì méjìlá. Bí Ọmọ Ọlọ́run kò bá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú yíyan olórí, ta ni àwa tí a ó máa yan ìjòyè ìjọ àti olórí ẹgbẹ́ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, tí a ó sì máa fi ọdún púpọ̀ kábàámọ̀ rẹ̀?

Ní oṣù yìí a fẹ́ kí a jọ wo Nehemáyà. Kì í ṣe àlùfáà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe wòlíì. Agbọ́tí ọba ni, ẹni tí ó ń jẹ oúnjẹ oòjọ́ rẹ̀ ní ààfin Ṣúṣánì, ní ilẹ̀ òkèèrè. Nítorí náà kò sí olùkọ́, akọ̀wé, àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò kan nínú wa tí ó lè wí pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí kò kan òun.

Èkínní, àdúrà ni ó sọ ẹrù àwọn ẹlòmíràn di ẹrù Nehemáyà. Ní oṣù Kísíléù ni Hánánì mú ìròyìn wá pé odi Jerúsálẹ́mù ti wó, a sì ti fi iná sun ẹnu-bodè rẹ̀. Nehemáyà jókòó, ó sọkún, ó gbààwẹ̀, ó sì gbàdúrà. Oṣù Nísánì ni ó tó bá ọba sọ̀rọ̀: èyíinì ni bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà. Kí ni oṣù mẹ́rin wọ̀nyí ṣe? Kí wọ́n tó yí ọkàn ọba padà, Nehemáyà ni wọ́n kọ́kọ́ yí padà. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún nítorí ìlú tí ó jìnnà parí rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ pé kí a rán òun lọ síbẹ̀. Nígbà tí ó sì ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, kò na ìka sí àwọn ará ilé nìkan. Ó ka ara rẹ̀ àti ilé bàbá rẹ̀ mọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀. Olórí tí kì í gbàdúrà a máa wí pé, “Àwọn ni wọ́n ba ìjọ jẹ́.” Ẹni tí ó ti wà lórí eékún rẹ̀ pẹ́ a máa wí pé, “Àwa ni.”

Èkejì, àdúrà la Nehemáyà lójú, kò dì í lójú. Ó gba ìwé àṣẹ àti igi fún ẹnu-bodè lọ́dọ̀ ọba. Nígbà tí ó dé Jerúsálẹ́mù, ó dúró ní ọjọ́ mẹ́ta, ó dìde ní òru, ó sì lọ fi ojú ara rẹ̀ wo ibi tí odi ti wó. Nígbà tí àwọn ọ̀tá sì parapọ̀, àwọn ènìyàn gbàdúrà sí Ọlọ́run, wọ́n sì fi ẹ̀ṣọ́ ṣọ́ odi tọ̀sán tòru. Ọjọ́ 52 ni wọ́n fi mọ odi náà tán. Ẹ kíyè sí i: àdúrà kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, iṣẹ́ kò sì gba àdúrà lẹ́nu wọn.

A kò fẹ́ wàásù fún ẹlòmíràn kí a sì fi ara wa pamọ́. Àwa fúnra wa ti wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọ kan rí, níbi tí a ti ń ka àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ kíákíá bí ẹni tí ń sọ ẹrù kalẹ̀, tí a ó sì wá fi wákàtí mẹ́ta jiyàn lórí ètò ìkórè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àgbàlagbà kan láàrin wa bẹ̀bẹ̀ pé kí a gbé ìwé orúkọ ìjọ wá, kí a máa dárúkọ ogún ènìyàn níwájú Ọlọ́run ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kí a tó sọ̀rọ̀ owó. A gbà fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń wo aago. Nígbà tí a dé orí orúkọ opó kan, ẹni tí ń darí àdúrà dákẹ́, ó sì béèrè pé, “Ta ni ó fi ojú kan ìyá yìí kẹ́yìn?” Kò sí ẹni tí ó dáhùn.

Àwọn mẹ́ta lọ sí ilé rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ilé náà kò ju ìdajì máìlì lọ sí ilé Ọlọ́run. Wọ́n bá a lórí ẹní, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè rìn. Ọmọ kékeré kan ní àdúgbò ni ó ń pọnmi fún un. Kò bá wọn wí. Ohun tí ó sọ kò ju pé gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni òun ń gbọ́ aago wa. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá ju èébú lọ. Àwọn àgbà wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà ìjọ pé jọ, síbẹ̀ orí ìyá arúgbó wọ́ lójú wa. Owó wà nínú àpótí, ẹsẹ̀ sì wà lára wa; ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ti gbé orúkọ rẹ̀ lọ síwájú Ọlọ́run.

Ẹ̀kẹta, àdúrà ṣí etí Nehemáyà sí igbe àwọn tálákà. Nígbà tí iṣẹ́ odi ń lọ lọ́wọ́, àwọn aláìní ké pé àwọn ti fi oko àti ilé dúró nítorí oúnjẹ, àwọn ọmọ àwọn sì ń lọ sí oko ẹrú. Kò dá wọn lóhùn pé kí odi parí ná. Ó bá àwọn ọlọ́lá wí ní gbangba, ó sì mú kí wọ́n dá ohun ìní àwọn ènìyàn padà. Òun pàápàá kò jẹ oúnjẹ tí ó tọ́ sí gómìnà fún ọdún 12. Odi tí a bá fi omijé tálákà pò amọ̀ rẹ̀ kò yẹ ní orúkọ Ọlọ́run.

Ní ilẹ̀ tiwa, ẹ jẹ́ kí a rántí Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther. Ní ọdún 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní ọdún 1822 ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, a sì gbé e lọ sí Sàró. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845, nígbà tí ó ti di àlùfáà, òun pẹ̀lú Townsend àti Gollmer gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni ojú wọn wà. Kò pẹ́ tí ìròyìn dé pé Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ti kú, ọ̀nà sì dí mọ́ wọn. Bí ọdún kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi dúró. Wọn kò ká ọwọ́ lẹ́rán: wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń wàásù, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé, Àjàyí sì ń bá iṣẹ́ ìtumọ̀ Ìwé Mímọ́ lọ. Ní Abẹ́òkúta, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, ó rí Àfàlá ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 25. Ní ọdún 1848 ìyá náà ṣe ìrìbọmi. Ẹni tí ó kọ́ láti dúró de Ọlọ́run ni Ọlọ́run fi àánú pàdé ní ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀.

Ǹjẹ́, ẹ̀yin ará, kí ni kí a ṣe? Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú ìwé orúkọ àwọn ọmọ yín lọ sínú yàrá àdúrà, kí ẹ tó fi ọ̀pá bá ẹnikẹ́ni wí. Ẹ̀yin ìjòyè ìjọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìpàdé kan tú ká láìjẹ́ pé a ti dárúkọ àwọn tí a kò rí, kí a sì ti yan ẹni tí yóò bẹ̀ wọ́n wò kí ọjọ́ Ìsinmi tó tún dé. Bí ìjà bá sì wà láàrin yín, ẹ kọ́kọ́ parí rẹ̀, nítorí a kò lè fi ẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun níwájú Ẹni tí ó mọ ọkàn.

Kí Ọlọ́run tí ó gbọ́ àdúrà agbọ́tí ní Ṣúṣánì fún àwa pẹ̀lú ní ọkàn tí ń sọkún, ojú tí ń ríran, àti ẹsẹ̀ tí kì í lọ́ra, kí aago wa má ṣe máa lù létí ẹni tí a ti gbàgbé. Nípa Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.